Wọ́n Ní Ká Mú Ẹ̀rí Wá

Bí ọkùnrin àti obìnrin bá ń bára wọn sùn fún ọdún méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí oyún kò dé, wọ́n á lọ bá dókítà ìjọba, wọ́n á ní, "A ti ń gbìyànjú o, kò bọ́ sí i." Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti tó. Dókítà ò ní ní kí wọ́n mú rìsíìtì wá. Èmi àti ìyàwó mi ni wọ́n bi ní rìsíìtì.

Obìnrin ni mí, obìnrin sì ni ìyàwó mi. Lọ́ńdọ̀nù la ń gbé, kóòtù la ti ṣègbéyàwó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ará Ìjẹ̀bú-Òde lòun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Peckham ni wọ́n bí i sí. Tí inú bá ń bí i, Ìjẹ̀bú ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì á sá wọlé. A fẹ́ bímọ. Kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀ tọkọtaya yòówù tó ń gun òkè àdúrà. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi hàn pé a ò lè bí i.

Ìlànà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà rèé. Ní 2013, NICE, àjọ tó ń sọ irú ìtọ́jú tó yẹ kí NHS, ètò ìlera ìjọba, máa fún àwọn èèyàn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n gba obìnrin sí IVF, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ti ń pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara kí wọ́n tó fi í sínú ilé-ọmọ, tí oyún kò bá dé lẹ́yìn ọdún méjì ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn ìgbà 12 tí wọ́n ti fi àtọ̀ sí i lára láìsí ìbálòpọ̀, tí ó kéré tán 6 nínú rẹ̀ jẹ́ IUI. IUI ni pé kí wọ́n fọ àtọ̀ ní ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan darí rẹ̀ gba ẹnu ilé-ọmọ wọlé nígbà tí ẹyin bá ń jábọ́. Téèyàn bá gbọ́ ọ lókèèrè, á rò pé wọ́n pín in dọ́gba: ọdún méjì fún àwọn tọ̀hún, ìgbà 12 fún wa. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ọdún méjì yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Tiwa, ìgò àtọ̀ kékeré kan ṣoṣo lè lé ní £1,000, a ò tíì sọ owó ẹni tó gbé e wá nínú tàǹkì tó tutù ju yìnyín lọ, owó síkáànù, owó abẹ́rẹ́, owó ọjọ́ tí wọ́n bá fi sí i gan-an. Kí ẹ wá sọ ọ́ di ọ̀nà 12. Mo ti gbọ́ nípa àgàn nílé wa, mo ti gbọ́ nípa ẹni tí wọ́n dì nínú; èyí tí èèyàn máa fi owó ara rẹ̀ ra ìwé ẹ̀rí pé òun yàgàn, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

Tọkọtaya obìnrin kan, Megan àti Whitney Bacon-Evans, gbé ìgbìmọ̀ ìlera àdúgbò wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2021. Ní 2023 ìgbìmọ̀ náà yí ìlànà rẹ̀ padà, wọ́n sì fa ẹjọ́ sẹ́yìn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2022, ìjọba ti gbé ètò ìlera obìnrin jáde fún England, wọ́n ní àwọn máa mú un kúrò pé káwọn tọkọtaya obìnrin fi owó ara wọn ṣe IUI kí ìjọba tó dá wọn lóhùn. Lálẹ́ tí a gbọ́ ọ, a se ìrẹsì, a dín dòdò, a pe àwọn ọ̀rẹ́. Àṣé ìlérí ni. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlera àdúgbò 42 ni wọ́n dá sílẹ̀ ní England lọ́dún yẹn kan náà, oníkálukú ló sì ń pinnu ohun tó máa san. Ẹni tó ń gbé ní àdúgbò tó tẹ̀lé tiyín lè rí i gbà, kí ẹ̀yin má rí i. Tiwa ò yí padà. Obìnrin tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kí a máa bá a lọ, kí a sì máa tọ́jú gbogbo ìwé tí a bá fi sanwó. Ìyàwó mi ra fáìlì aláwọ̀ búlúù kan fún un, ó lẹ bébà mọ́ ọn lára, ó kọ "Ẹ̀rí" sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun ò rẹ́rìn-ín rárá.

Mo mọ àwọn tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Orí Facebook ni wọ́n ti rí ọkùnrin kan tó ní òun ń ran èèyàn lọ́wọ́, wọ́n pàdé nínú mọ́tò, ó gbé ike kékeré lé wọn lọ́wọ́. Mi ò ní dá wọn lẹ́jọ́, owó ló lé wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún wò, kò sẹ́ni tó mọ iye ọmọ tó ti bí káàkiri. Bí àwọn obìnrin méjèèjì ò bá sì tíì ṣègbéyàwó tàbí kí wọ́n forúkọ àjọṣe wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ọkùnrin yẹn lòfin máa kà sí bàbá ọmọ, obìnrin kejì tó ń dìde lóru gbé ọmọ á wá di àlejò.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí náà ní ìtàn. Òfin 1990 tó dá àjọ HFEA sílẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ gbogbo kílíníìkì ìwá-ọmọ nílẹ̀ yìí, sọ pé kí dókítà ronú lórí bí ọmọ náà ṣe nílò bàbá kó tó tọ́jú obìnrin kankan. Gbólóhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ kílíníìkì fi ń lé irú wa jáde. Òfin 2008 ló yọ bàbá kúrò níbẹ̀. Láti Oṣù Kẹrin 2009 sì ni obìnrin kejì ti lè jẹ́ òbí ọmọ lábẹ́ òfin láti ọjọ́ tí wọ́n bá bí i. Àwọn tó jà fún un ṣì wà láàyè, mo ti bá ọ̀kan nínú wọn mu tíì rí. Ó ní nígbà tiwọn, irọ́ ni wọ́n máa ń pa fún dókítà pé àwọn ò lẹ́nìkankan.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi tí inú mi ti máa ń dùn tó sì tún máa ń bà jẹ́: yíyan dónọ̀, ẹni tó fi àtọ̀ rẹ̀ tọrẹ.

Òfin ibí mọ́ kedere. Ẹnikẹ́ni tó bá fi àtọ̀ tọrẹ láti Oṣù Kẹrin 2005, ọmọ tó bá ti ara rẹ̀ wá lè béèrè orúkọ rẹ̀ tó bá pé ọmọ ọdún 18. Ìdílé tí wọ́n lè lo àtọ̀ ẹnì kan fún nílẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Wọn kì í ra àtọ̀ lọ́wọ́ ẹni. £35 ni wọ́n máa ń fún dónọ̀ tẹ́lẹ̀ fún wàhálà ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá wá, ó di £45 ní Oṣù Kẹwàá 2024. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán nìyẹn. Abájọ tí dónọ̀ kò fi pọ̀, tó fi jẹ́ pé nínú àwọn tuntun tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní 2020, ó ju ìdajì lọ tí àtọ̀ wọn wá láti òkè òkun, Amẹ́ríkà àti Denmark jù lọ.

Ìyàwó mi gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì ìdáná, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ ò sí níbẹ̀, nọ́ńbà ni. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkùnrin: gíga wọn, àwọ̀ ojú wọn, ìwé tí wọ́n kà, fọ́tò ìgbà ọmọdé ẹlòmíì pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ó tẹ "aláwọ̀ dúdú." Gbogbo wọn pòórá, ìwọ̀nba tó kù kò kún ojú kọ̀ǹpútà. Mo ní kó tún yẹ jẹ́nótáìpù wò. AS ni mí, kò sì sí Yorùbá kan tí mo máa ṣàlàyé ìyẹn fún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni fòníkú-fọ̀ladìde mú lọ, mo mọ bí ó ṣe máa ń ké lóru. AA nìkan la lè mú. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún ku àwọn tó gbà kí ọmọ mọ orúkọ àwọn lọ́jọ́ iwájú, nítorí òfin ibí ò gba irú mìíràn. Nígbà tí a máa fi tẹ gbogbo rẹ̀ tán, àwọn tó ṣẹ́kù kò ju ẹni tó lè jókòó sórí bẹ́ńṣì ibùdókọ̀ lọ.

Agbaninímọ̀ràn kílíníìkì, òyìnbó kan tó níwà pẹ̀lẹ́, bi wá pé kí ló dé tí a ò mú nínú àwọn dónọ̀ aláwọ̀ funfun tí wọ́n pọ̀ bíi rẹ́rẹ. Kò fi ìkà béèrè. Ìyàwó mi dá a lóhùn pé òun fẹ́ kí ọmọ náà rí ojú ara rẹ̀ lójú àwa méjèèjì, kí àwọn ará ọjà Peckham má máa bi wá pé ọmọ ta lẹ gbé lọ́wọ́. Èmi ń ronú agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti bi ara mi bóyá ìgbéraga ni. Bó bá jẹ́ ìgbéraga, kó jẹ́ ìgbéraga. Àwọn tọkọtaya òyìnbó tó ń yan àwọ̀ ojú àti irun, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè.

A rí ọ̀kan tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá òun wá láti Nàìjíríà. Kò sọ ẹ̀yà. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀, níbi tó ti ń sọ ìdí tó fi fẹ́ ṣe oore náà àti irú oúnjẹ tó fẹ́ràn. Ìyàwó mi ń tẹ ohùn náà léraléra, ó tẹ́tí mọ́ ọn bí ẹni ń gbọ́ rédíò tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú. "Ẹ gbọ́ bó ṣe pe 'rice' yẹn. Ẹ ò gbọ́ ọ? Ará Ìbàdàn nìyẹn." Ẹ ni ó máa ń pè mí tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ará Amẹ́ríkà ni. Ó ní kí n fetí sílẹ̀ dáadáa. Òun la mú. Títí dòní, "ará Ìbàdàn" la ń pè é nínú ilé wa, kò sì ní mọ̀ láéláé pé àwọn obìnrin méjì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti fún un ní ìlú.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. Lọ́jọ́ IUI àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì tó wọlé wá so káàdì mọ́ àyà, orúkọ Yorùbá gbàǹgbà ló wà lára rẹ̀. Àyà mi já. Òyìnbó ni mo ń retí. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wo ìyàwó mi, ó tún wo fọ́ọ̀mù. Mo ti ń retí ìwàásù, èmi tí mo sùn sílẹ̀ láìwọ ṣòkòtò. Ó fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bi mí ní orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ó ní kí ìyàwó mi náà yẹ nọ́ńbà ara ìgò wò kó má bàa sí àṣìṣe. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan mìíràn. Ìgbà tó parí, tó fi aṣọ bò mí, ló wá rọra sọ ọ́ lédè wa: "Ẹ má tètè dìde o, ẹ jẹ́ ó wọlé dáadáa." Ó kọjú sí ìyàwó mi. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan tó wúwo lónìí. Ẹ lọ fún wọn ní iyán jẹ. Ọlọ́run á jẹ́ ó dúró." Ìyàwó mi, tí kò fọwọ́ kan odó rí láyé rẹ̀, ní, "Àmín, ẹ ṣé mà." Ìyẹ̀fun inú páálí ló rò fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kókó. Mo jẹ ẹ́ tán.

Kò dúró. Èyí tó tẹ̀lé e náà ò dúró. Nǹkan oṣù mi kò ṣìnà rí. Mo dé ibi tí mi ò fi lè wo apá kan nínú ilé ìtajà oògùn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó igi àyẹ̀wò oyún sí. Nígbà tó ṣe, dókítà kan tó fara balẹ̀ ṣe síkáànù sọ pé ìjú (fibroid) wà nínú ilé-ọmọ mi, pé ọ̀kan nínú wọn ti yọrí sínú yàrá tí oyún máa ń gbé. Ìjú ò ṣàjèjì sí wa, kò sí ìdílé aláwọ̀ dúdú tí ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó wá a dáadáa kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. HFEA gbé ìròyìn jáde ní 2021 lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2014 sí 2018: nínú àwọn obìnrin ọmọ ọdún 30 sí 34, ọlẹ̀ (ẹyin tó ti gba àtọ̀) tí wọ́n fi sínú aláwọ̀ dúdú, 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń di ọmọ, ti àwọn aláwọ̀ funfun, 30. Mo ka ìròyìn náà nínú bọ́ọ̀sì, mo sì ń wo àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jókòó yí mi ká.

Wọ́n gé ìjú tó yọrí náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni a pa ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tì. A ní ká má kó rìsíìtì jọ mọ́, ká lọ san owó IVF fúnra wa. Ibi tí owó ti wá: àwọn ọ̀rẹ́ wa kan jọ ń dá àjọ, wọ́n sì gbà kí àwa kọ́kọ́ kó o. Obìnrin kan nínú wọn, àgbà pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ san tirẹ̀.

Àwọn kan nílé máa ń rò pé nǹkan òyìnbó ni IVF. Lóòótọ́, ìlú Oldham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí Louise Brown sí ní Oṣù Keje 1978, òun lẹni àkọ́kọ́ láyé. Ṣùgbọ́n LUTH ní Ìdí-Àrábà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru ti ṣe é tí ọmọ fi jáde ní 1989. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣe é ní Ìkẹjà, wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pín ike àti tówẹ́ẹ̀lì tí fọ́tò ọmọ wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀nà tí ọmọ gbà wá, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀. Abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n gún fún èmi àti òun.

Nínú fíríìjì wa, abẹ́rẹ́ náà wà láàárín ẹ̀fọ́ àti ata tí a ti lọ̀. Ìyàwó mi ló ń gún un. Á fi fóònù dá aago, á pa tẹlifíṣọ̀n, á fún ẹran ikùn mi pọ̀, á ní kí n sọ orúkọ àwọn ìlú tí mo mọ̀ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin. Mo máa ń dé Ọ̀yọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, kó sì tó di pé mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti jù ú sínú páálí ike aláwọ̀ yẹ́lò. Ikùn mi wú. Wọ́n fún mi lóògùn oorun, wọ́n kó àwọn ẹyin náà. Láti ọjọ́ kejì, kílíníìkì á máa pè láàárọ̀: èyí tó gbó nìyí, èyí tó gba àtọ̀ nìyí, èyí tó ṣì ń dàgbà nìyí. Iye náà ń dín ni, kì í lé. Ẹni tó bá ti dá oko rí mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ dókítà pé kó fi méjì sí i. Ọmọ Yorùbá ni wá, ìbejì ò bà wá lẹ́rù, a ní orúkọ wọn nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ewu ìbejì pọ̀ fún ìyá àti fún àwọn ọmọ, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀kan ọ̀kan sí i nílẹ̀ yìí. Wọ́n fi ọ̀kan sí i, wọ́n gbé ìyókù sínú yìnyín.

Ìyá mi ńkọ́? Ìyá mi mọ̀. Kò sọ ọ́ rí, èmi náà ò sọ ọ́ rí. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní Oṣù Kìíní 2014 sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún irú ìgbéyàwó tí a ṣe, ọdún 10 sì ni fún ẹni tó bá jẹ́rìí sí i. Ìdákẹ́ ìyá mi, mo kà á sí ààbò fún un àti fún wa. Ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ni. Nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù pé mo ń gba ìtọ́jú kí n lè bímọ, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé ta ló ń tọ́jú mi. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní, "Ó dáa." Kò pẹ́ tí ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ilé gbé omi ìyè wá fún mi. Ìgò méjì ni, wọ́n fi téèpù wé ẹnu rẹ̀ gírígírí. Mo pè é láti dúpẹ́. Mo ní, "Màámi, ọ̀kan ì bá tó." Ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan lò ń gbé níbẹ̀ ni? Kí ọ̀rẹ́ rẹ náà mu tirẹ̀."

Oyún dúró nígbà yẹn. A rí ìlà méjì. Ayọ̀ náà kò pẹ́: nígbà tí a padà lọ ṣe síkáànù, ọkàn kò lù. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Èmi ni mo sọ fún ìyá mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Gbé fóònù fún ọ̀rẹ́ rẹ." Wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ ju "ẹ kú iṣẹ́ mà" lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde, ìyàwó mi kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ìyá náà ń rí i. Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣé o gbọ́? Má jẹ́ kó sunkún jù. Kí ìwọ náà má sunkún jù. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ jẹun." Ìyàwó mi ò lè dáhùn. Ó kàn ń mi orí síwájú fóònù.

Ní báyìí, ìyàwó mi ló máa gbé e. Ẹyin mi, inú òun. Ìjú tó kù nínú mi, dókítà ò fọkàn tán an, ilé-ọmọ tirẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ó ń fi yangàn. Òfin tún mú ìjà kékeré wá. Nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá gbé oyún ni ìyá, ẹyin ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́. Lórí ìwé ìbí, wọ́n á kọ ìyàwó mi sí ibi "ìyá", wọ́n á kọ èmi sí ibi "òbí". Mo bínú, mo ní ẹ̀jẹ̀ mi ni, ará Ìbàdàn àti èmi. Ó wò mí, ó ní, "Ẹni tó máa bì láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wú, ẹ fẹ́ gba ìyá mọ́ ọn lọ́wọ́?" Èmi kọ́ ni mo borí.

Oríkì ló kù tí a ń jiyàn lé lórí. Nílé wa, oríkì bàbá lọmọ máa ń jẹ́. Ará Ìbàdàn wa, a ò mọ agboolé rẹ̀, àfi tọ́mọ bá pé ọdún 18 tó bá wù ú láti wádìí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Texas, tó mọ ọ̀rọ̀ wa, sọ pé kò sóhun tó le níbẹ̀: ìdílé tí ọmọ bá dàgbà sí ló máa kì í. Ìyàwó mi fẹ́ kí wọ́n máa kì í ní ti Ìjẹ̀bú. Mo ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń kì ní Ìjẹ̀bú á ya aláìmọ̀kan. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo lè sọ rèé. Ẹ lọ ṣe jẹ́nótáìpù yín kí ẹ tó wo fọ́tò dónọ̀ kankan, kí ẹ sì gba ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ní kí wọ́n wá ìjú dáadáa kí ẹ tó san owó ìgò àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá ní kò pọn dandan, ẹ tún un sọ. Tí ẹ ò bá tíì ṣègbéyàwó, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìgbàṣe-òbí kí wọ́n tó fi ohunkóhun sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ délé. Ní 2015, àwọn ìdílé kan ní láti lọ síwájú Adájọ́ James Munby kí ó tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òbí ọmọ wọn ni wọ́n, nítorí pé kílíníìkì ò ṣe fọ́ọ̀mù náà bó ṣe yẹ tàbí kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ọlẹ̀ tó bá ṣẹ́kù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú lórí rẹ̀. Láti Oṣù Keje 2022, òfin gbà kí ó wà nínú yìnyín títí dé ọdún 55, bí ẹ bá ń buwọ́ lù ú lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá. Owó ìtọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún lẹ máa fọkàn sí.

Tí ẹ bá sì wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ò ní ẹni tó máa bá yín gún abẹ́rẹ́, ìyàwó mi mọ̀ ọ́n gún, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ ṣáà ti mọ orúkọ ìlú tó pọ̀ díẹ̀.